Àlàfo Tí Ìyá Àgbà Fi Sílẹ̀ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ iṣẹ́ sípíkà jù mí lọ ní Kumasi láyé ìgbà tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti to sípíkà tó ga ju èèyàn lọ léra wọn nínú òjò ní Santasi rí, tí orin sì ń dún títí wọ́n fi sin òkú tán. Èmi ti ṣe é. Obìnrin ni mí, n kò ga, apá mi kò sì tóbi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti na etí sí wáyà báyìí, mo mọ èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wolẹ̀ bó bá ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló mú mi wọ iṣẹ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti pàdé rẹ̀. Tíṣà wa kọ "sound" sójú pátákó, ó ní kí kálukú sọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé wọn. Àwọn ọmọ Asante sọ tiwọn. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo bi í pé sound èwo ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo bi í. Nílé tiwa, ohùn ni ti èèyàn, ìró ni ti ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé, igbe ni ti ọmọ ọwọ́, ariwo sì ni ti ọjà Kejetia. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sínú àpò kan ṣoṣo, ó so ó lẹ́nu.

Tíṣà kò bínú. Ó ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣahun ọ̀rọ̀, ó máa ń fi ìgbéyàwó láàárín ọ̀rọ̀ méjì dí i. Ó ní ká wo sound bí ọmọge, ká wá wo àwọn tó ń fẹ́ ẹ. Ló bá ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ: soundproof, soundtrack, sound effect, sound wave. Inú mi dùn bíi pé èmi ni wọ́n ń gbé ìyàwó fún. Mo kó wọn sórí, mo ń kà wọ́n lọ́nà ilé bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, n kò sì tíì rí ọ̀kan nínú wọn sójú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́, mo ń kọjá ní Dichemso, níbi tí èmi àti ìyá àgbà mi ń gbé, mo rí i tí wọ́n ń kan pátákó tuntun mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Sound System" sókè, wọ́n kọ "Soundproof Studio" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ojúlùmọ̀ mi nìyẹn! Mo wọlé, mo sọ fún ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ọmọ Asante ni, ó sanra, ẹ̀rín kì í wọ́n ọn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé kí ni ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, fẹ́ fi wáyà ṣe, ṣé àwọn èèyàn mi ò tajà mọ́ ni. Mo ní ìyá àgbà mi ń ta abọ́ tánganran ní Kejetia, ó sì ń tà á dáadáa láìsí èmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé sípíkà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé. Mo gbé e, mo sì di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo fi máa gba òmìnira, gbogbo ọ̀rọ̀ tíṣà ti di nǹkan tí mo lè fọwọ́ kàn. Àwọn Asante kì í fi òkú ṣeré. Bó bá ti di Sátidé, gbogbo àdúgbò á kún fún aṣọ pupa àti dúdú nítorí ayie, ìyẹn ìnáwó òkú wọn, a ó sì ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú sípíkà wa. Wọ́n á máa pè mí, "Soundman! Soundman, gbé e sókè!" Mo sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe ọkùnrin. Bàbá kan tó ti mu ọtí díẹ̀ sínú sọ fún mi pé òun ò rí "soundwoman" nínú ìwé atúmọ̀ èdè rí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti dé, wọ́n á kọ ọ́ sí i.

"Sound check" ni mo fẹ́ràn jù. Òun ni kí èèyàn sọ̀rọ̀ sínú maíkì kí àlejò tó dé, kó lè mọ̀ bóyá ohùn ń dé ibi tó yẹ. Ọ̀gá mi a máa ka one, two bí gbogbo ayé ṣe ń kà á. Èmi a máa kí àga tó ṣófo: "Ẹ kú ìjókòó o! Ṣé ẹ gbọ́ mi àbí ẹ ò gbọ́?" Nígbà mìíràn, Yorùbá kan tó ń kọjá lọ lójú títì á dúró, á dáhùn, "A gbọ́ o, ìyá oníròó!" Bí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dára.

"Soundproof" ni wọ́n fi tàn wá. Yàrá kékeré kan ni lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ la ti ń gba ohùn sórí kásẹ́ẹ̀tì. A tọrọ páálí tí wọ́n fi ń to ẹyin lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹyin, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀, a fi fóòmù àlòkù dí fèrèsé, a ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ọ̀nà. Ní tòótọ́, fèrè takisí kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n agbo ilé tó wà lẹ́yìn wa ń gún fufú ní gbogbo ọ̀sán, ìró odó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, gbì, gbì, gbì. Ọ̀gá mi lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n máa yí àkókò padà. Wọ́n fún un ní fufú àti ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì padà wá láìsọ nǹkan kan.

Ohun tí ọ̀gá mi kórìíra ju kí iná lọ lójijì ni àlàfo nínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí olórin bá dúró mí, yóò gé e. Bí oníwàásù bá dúró gbé itọ́ mì, yóò gé e. Ó ní bí etí bá gbọ́ òfìfo, ọkàn á sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ méjì ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbà á sílẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ á wà lórí bọ́tìnnì tó ń dá a dúró. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Iṣẹ́ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde máa ń jọ̀lọ̀, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn gbé kásẹ́ẹ̀tì wá bá a. Èmi náà gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Bí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà mi ṣe wọ ibẹ̀ nìyí. Kumasi ni wọ́n bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí. Bàbá wọn ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò, àwọn méjèèjì kò sì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Nígbà tí ìjọba wá ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ sí ìlú wọn, mo ṣì kéré gan-an. Ẹ̀gbọ́n bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà wá ìwé, ó rí i gbà, ó sì dúró, nítorí Kumasi ni sàréè ọkọ rẹ̀ wà. Ìpínyà wọn kò dára. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò ránṣẹ́ sí i, òun náà kò ránṣẹ́. Ó ti ń súnmọ́ ogún ọdún, wọ́n sì máa ń sọ pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Fún Ìyá Àgbà, ọ̀la yẹn ti dé. Orúnkún ń dùn ún, ojú rẹ̀ ń ṣú, ó sì ń bẹ̀rù pé òun tàbí ẹ̀gbọ́n òun lè lọ láìtíì gbóhùn ara wọn.

Ó sọ ọ́ fún mi lójúkorojú. Ó ní, "Wallahi, n ò wá nǹkan kan mọ́ láyé yìí. Kí ẹ̀gbọ́n mi dá mi lóhùn ni mo fẹ́. Kódà kó bú mi. Bó bá ti la ẹnu, ɛyɛ, ó dára, ó ti tó mi."

Bàbá kan wà tó ń kó obì láti Kejetia lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gba Lomé àti Cotonou kọjá. Ó ti múra ìrìn àjò. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé kò ní rán ẹnu èèyàn níṣẹ́, ohùn ara rẹ̀ ni kó rán. Ó wọ yàrá wa lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó fọwọ́ tọ́ páálí ara ògiri, ó ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Abájọ tí ẹ fi ilé ẹyin ṣe ilé ọ̀rọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì gbé maíkì sí i lẹ́nu.

"Asalaamu alaikum, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó tún ní, "Mo kúnlẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ó tún dákẹ́, ó tún mi orí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn ọmọ ń kọ́? Orúnkún yín ń kọ́?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì fi ń parí lọ. Ìkíni ni gbogbo rẹ̀. Kò sọ ìdí tó fi dúró, kò ṣàlàyé, kò bẹ̀bẹ̀. Lójú tèmi, ó dára bẹ́ẹ̀. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún ọ̀gá mi pé kó bá mi dà á sórí èyí tó dára jù, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá olóbì ń lọ, èmi sì ní ayie ní Santasi. Nígbà tí mo fi dé, bàbá ti gbà á, ó ti lọ.

Ó pẹ́ kí bàbá olóbì tó padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó dé, ó wá sílé wa, ó jókòó, kò sì gbé ojú sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n dá a padà fún yín."

Ìyá Àgbà bi í pé, "Wọn ò gbọ́ ọ ni?"

"Wọ́n gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ilé ló jókòó yí wọn ká. Ìgbà tó yá ni wọ́n dìde, wọ́n ní ká pa á. Wọ́n ní ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ èsì, kí ló ń kíni fún? Wọ́n ní bí ẹ ṣe ṣe fáwọn ní ibùdókọ̀ náà nìyẹn, pé ẹ ò tíì yí padà."

Ìyá Àgbà mú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi gèlè nù ún bíi pé ó dọ̀tí, ó sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí bàbá olóbì ti lọ ni mo wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀, tí kò sọ fún mi rí. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹ̀gbọ́n òun ti jókòó sínú lọ́rì, òun dúró nílẹ̀, òun ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dàbọ̀ o," òun sì yí ẹ̀yìn padà lójú ẹsẹ̀, òun sáré. Òun gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ń pe òun. Òun kò dúró.

Ó ní, "Kai! Bí mo bá dúró gbọ́ èsì rẹ̀, màá gun lọ́rì yẹn ni. Mo mọ ara mi. Mo sá fún ohùn rẹ̀."

Inú bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé inú kì í pẹ́ bí mi. Mo ní irú ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn, tí wọ́n kí títí tí kò dáhùn? Ìyá Àgbà ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé ọmọ ìyá òun ni mo ń bú yẹn. Mo pa á mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà lábẹ́ ìrọ̀rí, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mo fi í sínú ẹ̀rọ. "Asalaamu alaikum ẹ̀gbọ́n mi mo kúnlẹ̀ o ẹ̀gbọ́n mi ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ṣé àlàáfíà lẹ wà àwọn ọmọ ń kọ́ orúnkún yín ń kọ́…" Ìyá Àgbà ń sáré bí ọmọ tó ń kiri ọjà tí àwọn agbófinró ń lé bọ̀. Kò sí ibi tí èèyàn lè ki ọ̀rọ̀ bọ̀. Mo rántí bó ṣe ń mi orí nínú yàrá wa, tó ń dúró, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò dákẹ́ lásán. Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti dáhùn. Èwo nínú wa ló máa ń kí àgbà tí kò ní dúró gba èsì? Èyí tó tiẹ̀ jẹ́ sálámà, tí Ọlọ́run ní dandan ni ká dá a padà!

Mo pe ọ̀gá mi, mo bi í bóyá òun ló gé kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Aane, èmi ni mo tún un ṣe," ni ó wí. "Ìyá rẹ ti dàgbà, ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀, ó ń dúró púpọ̀. Mo gé gbogbo ẹ̀ kúrò fún un. Ṣé ó dùn mọ́ ọn?"

Kò gbọ́ Yorùbá, kò sì fẹ́ ibi. Mo jókòó, mo bi í ní Twi pé bí òun bá jí láàárọ̀, tí ìyá òun bá kí òun pé "Maakye," kí ni òun máa ń wí. Ó ní "Yaa ɛna" ni. Mo ní bí ìyá òun bá wá ní "Maakye," tó sì ti rìn jáde kí òun tó la ẹnu ńkọ́? Ó ní àbùkù ni, àfi bí òun bá ti ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo kásẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ei! Mafom," ni ó wí. Mo ti ṣe àṣìṣe, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó sáré wọ inú lọ wá kásẹ́ẹ̀tì tí a kọ́kọ́ gba ohùn Ìyá Àgbà sí, ohùn náà kò sí mọ́. Orin ayie ti gorí rẹ̀.

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí Ìyá Àgbà tún un sọ. Ó kọ̀. "Daabi. Mo ti sọ ọ́, ó ti gbọ́, ó ti dá a padà. Àgbà kì í fi orí gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì." Mo ṣàlàyé títí, ó ní ẹ̀rọ kọ́, Ọlọ́run ni. Mo wá lọ bá bàbá olóbì ní Kejetia, mo ní kó sọ gbogbo bí ó ṣe lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi, kó má fo ìkankan. Ó sọ ọ́, mo sì mú un wá sílé kó tún un sọ létí Ìyá Àgbà.

Ó ní, "Nígbà tí ẹ kí wọn ní sálámà, wọ́n la ẹnu, ọ̀rọ̀ yín sì ti kọjá. Wọ́n pa ẹnu dé. Nígbà tí ẹ ní ẹ kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ báyìí pé kí ẹ dìde, wọ́n tún la ẹnu, ẹ tún ti kọjá. Nígbà tí wọ́n la ẹnu tí wọn ò tún rí àyè, omi bọ́ lójú wọn. Ìgbà náà ni wọ́n ní ká pa á."

Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó la ẹnu?"

"Wọ́n la ẹnu, Ìyá."

"Ó fẹ́ dá mi lóhùn?" Ó yí sí mi. "Ó fẹ́ dá mi lóhùn! Ìwọ ọmọ yìí, dìde. Gbé gèlè mi wá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà la wọ yàrá ẹlẹ́yin. Lọ́tẹ̀ yìí kò jókòó sórí àga. Ó fi eékún méjèèjì tó ń dùn ún kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n sọ maíkì kalẹ̀ bá òun, pé èèyàn kì í sọ pé òun kúnlẹ̀ nígbà tí òun jókòó. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé gbé ọmọ odó, gbì, gbì. Mo ní ká dúró kí wọ́n gún un tán. Ó ní kí n jẹ́ kó dún, pé ìró yẹn ni wọ́n bá dàgbà, àwọn méjèèjì. Ọ̀gá mi wọlé, ó bọ́ bàtà, ó dúró sẹ́bàá ògiri, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè tẹ bọ́tìnnì fúnra wọn.

Ìyá Àgbà kí i. Ó kí i, ó sì ń dúró. Bó bá jẹ́ ibi tí èsì máa gùn, ó dúró pẹ́. Bó bá jẹ́ ibi tí "hẹn-ẹn" máa tó, ó kọjá kíákíá. Ó mọ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí mo ṣe mọ wáyà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ojú kásẹ́ẹ̀tì parí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dàbọ̀ o." Ó wá tẹ orí ba. Kò dìde, kò mira. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí títí ó fi dá dúró fúnra rẹ̀.

Bàbá olóbì gbé e lọ. Kò rọrùn láti dúró. Bí Ìyá Àgbà bá ń ta abọ́ lọ́jà, á máa wo ọ̀nà. Ọ̀gá mi náà ń béèrè lójoojúmọ́ bíi pé ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ni. Èmi ń fọ́nnu fún gbogbo wọn pé yóò dáhùn, pé iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe kì í kùnà, ṣùgbọ́n èmi náà ń yọjú wo ọ̀nà.

Nígbà tí bàbá olóbì dé, ó bá wa nílé lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ní kí a gbọ́ ọ, pé òun ò ní sọ nǹkan kan. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi, ó gbé ẹ̀rọ wá pẹ̀lú àpò ọsàn lọ́wọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ohùn Ìyá Àgbà ló jáde.

"Asalaamu alaikum, ẹ̀gbọ́n mi."

Ojú Ìyá Àgbà rọ̀. Ó ní, "Tèmi nìyẹn. Ó tún ti dá a padà." Ó ti di ọwọ́ àga mú láti dìde nígbà tí ohùn kejì dé, ohùn tó dà bíi tirẹ̀ gan-an, àfi pé ó wúwo jù ú lọ.

"Wa alaikumu salaamu, ìwọ ọmọ yìí."

Ìyá Àgbà padà jókòó. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ yé mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n fi òmíràn gba ohùn àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti wọ inú àlàfo kọ̀ọ̀kan, ó jókòó síbẹ̀.

"Mo kúnlẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde o. Orúnkún yẹn ò ní dùn ọ́ ni? O kì í ṣe ọmọdé mọ́."

"Àwọn ọmọ ń kọ́?"

"Wọ́n wà o, àdúpẹ́. Mélòó lo mọ̀ nínú wọn? Ta ló ń gún fufú yẹn? Ó ń gún un bí ẹni ń jà. Kó rọra o, odó á fọ́."

Ọ̀gá mi gbọ́ fufú, ó bi mí ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Níbì kan láàárín, ẹ̀gbọ́n pe oríkì rẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí, nítorí gbogbo ẹni tó dàgbà tó láti pè é ti kú tàbí ti lọ. N kò ní sọ ọ́ síhìn-ín. Kì í ṣe èmi ni wọ́n fi pè.

Ó wá kan ìparí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dàbọ̀ o." Àlàfo gígùn yẹn tẹ̀lé e. A gbọ́ adìyẹ tó ń ké ní Ògbómọ̀ṣọ́. A gbọ́ ẹnì kan tó fọn ikun. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ̀gbọ́n dé, jẹ́jẹ́.

"Lọ́jọ́ yẹn, èsì wà lẹ́nu mi. O ò dúró gbà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e kiri. Gbà á o: ó dàbọ̀, ọmọ ìyá mi. N ò bínú pé o dúró sí Kumasi. Pé o sá fún mi ló dùn mí. Ṣé o gbọ́?"

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ, kò sí ohùn kankan mọ́. Mo rò pé ó ti parí, mo na ọwọ́ láti pa á. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú.

"Má pa á," ni ó wí. "Ó ń retí mi."

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó gbé ẹnu súnmọ́ ọn.

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."